Iṣu Ìlú Kò Ṣeé Fi Ọwọ́ Bò Jẹ

Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí owó tí àwọn ọ̀gá àgbà ń gbà nínú iṣẹ́ ìlera ìjọba, àti ẹ̀tọ́ tí ará ìlú ní láti mọ iye rẹ̀.

Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò ní kí a fi ebi pa ọ̀gá. Ẹni tí ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ó yẹ kí owó oṣù rẹ̀ tó o jẹ, kí ojú rẹ̀ má baà wọ owó oògùn. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, a máa ń fi ọwọ́ bò ó jẹ. Iṣu ẹni ni wọ́n wí, iṣu ìlú kọ́. Káálífà Ùmárù a máa kọ ohun ìní àwọn gómìnà rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ó bá yàn wọ́n.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀. Ààrẹ Umaru Yar'Adua pàṣẹ pé kí owó ìsúná ọdún 2007 tí a kò ná padà sí àpò ìjọba. Ìròyìn jáde pé nǹkan bí 300 mílíọ̀nù náírà nínú rẹ̀ ni wọ́n pín gẹ́gẹ́ bí àjẹmọ́nú òpin ọdún. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, mínísítà méjèèjì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adenike Grange àti Gabriel Aduku, fi ipò sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé gbangba ni a ń kọ iye tí oníkálukú ń gbà sí, ta ni ì bá gbìyànjú irú ìpín bẹ́ẹ̀?

Òfin ti wà báyìí. Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011 pa á láṣẹ pé kí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba fi orúkọ, ipò àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn hàn. Ẹnikẹ́ni lè béèrè láìsọ ìdí. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Bí wọ́n bá kọ̀, a lè pè wọ́n lẹ́jọ́ láàrin 30 ọjọ́.

Àwọn kan ń wí pé òfin yìí kò kan ìpínlẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, àwọn ará ìlú béèrè bí àjọ tí ń gbógun ti àrùn éèdì ṣe ná owó rẹ̀. Àjọ náà kọ̀. Ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, ó sì dájọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé òfin náà de ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ bákan náà.

Nítorí náà, ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlaròó àti Ayétòrò wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún aláboyún tí ó ti Ìmẹ̀kọ wá pé kò sí ìbọ̀wọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti béèrè ibi tí owó wà.

Ẹ má ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́, ẹ má sì pariwo. Ìwé ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: owó oṣù ọ̀gá, àjẹmọ́nú tí a fi kún un, àti ẹni tí ó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, nítorí èsì náà ni yóò pa àhesọ lórí rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a jẹ́ olùpa àmáná mọ́. Àmín.