Iṣẹ́ tí ọṣẹ ń ṣe nínú omi nímù



Ẹ ta omi sórí ewé kókò, ẹ ó rí i pé ńṣe ló ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, tó sì yí dànù. Ewé òwú náà ní ọ̀rá lára, bí kò tilẹ̀ tó ti kókò. Bí omi oògùn bá yí kúrò lára rẹ̀, ilẹ̀ ló mu wàhálà yín, kòkòrò ṣì ń jẹun lọ.

Ìdí nìyí tí a fi ń fi ọṣẹ díẹ̀ sí omi nímù. Ẹni tó bá fi ọwọ́ jẹ ọbẹ̀ elépo mọ̀ pé omi lásán kò lè ṣí epo náà. Ọṣẹ ń fi apá kan di omi mú, ó ń fi apá kejì di ọ̀rá mú. Òun ló ń jẹ́ kí omi tẹ́ pẹrẹsẹ lára ewé.

Kì í ṣe ènìyàn nìkan ló ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun alààyè tín-ín-tín tí ojú kò lè rí náà ń ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn ni Bacillus subtilis, tó wà lára àwọn tí ń sọ hóró igi irú di irú ọbẹ̀. Ní 1968, àwọn onímọ̀ ní Japan kéde ohun bí ọṣẹ kan tó ń ti ara rẹ̀ jáde, surfactin lorúkọ rẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti mú omi tẹ́, ó sì ń jẹrà nínú ilẹ̀. Irú àwọn nǹkan báyìí ni wọ́n fi ń fọ epo rọ̀bì kúrò nínú ilẹ̀, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣe ọṣẹ ìfọwo.

Ṣùgbọ́n ẹ má da omi irú sóko òwú o! Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ surfactin, ó sì wọ́n. Bí ẹnì kan bá gbé ike tí kò ní àkọlé wá, tó ní oògùn bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má rà á. Ẹ kọ́kọ́ bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ yín.

Èyí tó wà níkàáwọ́ wa nìyí:

1. Ẹ gún hóró nímù tí ẹ ti bó, gíráàmù 500. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 mọ́jú, kí ẹ sì fi aṣọ sẹ́ ẹ.
2. Ẹ yo ọṣẹ gíráàmù 10 sí i. Àpọ̀jù ọṣẹ ń jó ewé.
3. Ẹ kọ́kọ́ dán díẹ̀ wò lára igi mẹ́ta. Bí ewé kò bá jó lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ pò tuntun fún oko.
4. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, nítorí oòrùn ń ba nímù jẹ́. Kí ó dé abẹ́ ewé, ibẹ̀ ni kòkòrò ń sá sí.
5. Ẹ má fi ọṣẹ sí oògùn tí ẹ rà, àfi bí ìwé ara rẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ lè pa agbára oògùn mìíràn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ já ewé òwú méjì. Ẹ kán omi lásán sí ọ̀kan, omi ọlọ́ṣẹ sí èkejì. Ojú yín ni yóò jẹ́rìí.