Ẹ Dí Ọ̀nà Ọyẹ́, Ẹ Má Dí Ọ̀nà Èémí

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ń sin adìẹ sọ ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tí ètè rẹ̀ kò tíì là nínú wa, kó yára fi òrí pa á kó tó dọ̀la. Àwọn tó ń retí pé a ó sọ̀rọ̀ lórí èlé àti ìpín èrè lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe sùúrù fún wa. Ọ̀rọ̀ owó náà ni a fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ni a ó gbà wọ inú rẹ̀.

Iṣẹ́ tiwa ni kí a máa yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò. Nínú ìwé ẹ̀yáwó tí ó ń kọjá lọ́wọ́ wa, láti Fìdítì àti Awẹ́ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, a rí i pé àwọn tó yáwó ra òròmọdìẹ láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni ọrùn sábà máa ń wọ̀ jù láti san án padà. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe olè. Òròmọdìẹ ló ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì, kó tó di pé oúnjẹ tí wọ́n rà fún un jẹ́ nǹkan kan lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀kan nínú irú rẹ̀. A kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, a kò sì ní dárúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Abúlé kan ni, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ kan yáwó, àwọn méjì ṣe onídùúró fún un, ó sì ra ọ̀ọ́dúnrún òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan. Nígbà tí ọyẹ́ wá le, ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá ṣe. Ó fi tapólì yí gbogbo ojú wáyà ilé náà ká, láti ìsàlẹ̀ dé abẹ́ páànù. Ó fi àkísà dí ihò tó kù. Ó gbé ìkòkò èédú mẹ́ta sí àárín ilé, ó sì ní kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sùn síbẹ̀ láti máa ṣọ́ iná. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ náà jí pẹ̀lú orí fífọ́ àti òòyì, ó rá pálá dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ṣubú. Ọpẹ́ ni pé ìta ló ṣubú sí. Òròmọdìẹ tó ti kú lé ní ọgọ́rùn-ún.

Àwọn kan ládùúgbò ní lùkúlùkú ni. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni, pé ẹnì kan ló ń bínú orí rẹ̀. Àwọn onídùúró méjèèjì gbé ìbínú wá sí ìpàdé, wọ́n ní àìbìkítà ló pa adìẹ, kí ẹgbẹ́ má ṣe fọwọ́ kan owó ìfipamọ́ àwọn. Ìgbìmọ̀ kò mọ èyí tí wọn ì bá gbà nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn òròmọdìẹ tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, níbi tí abẹ́ ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ díẹ̀, wà láàyè. Àwọn tó wà lọ́nà ọ̀hún, lẹ́bàá ògiri, ni wọ́n kú jù. Lùkúlùkú kì í yan ẹ̀gbẹ́ ilé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí dókítà ẹran sì la díẹ̀ nínú àwọn tó kú, ó bá ẹ̀jẹ̀ wọn ní pupa fòò, ju bí ẹ̀jẹ̀ òkú adìẹ ṣe ń rí lọ.

Èédú tó bá ń jó nínú ilé máa ń tú gáàsì kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta ni lójú. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ. Àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ rere jókòó sí lára ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbà, agbára tó sì fi ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti afẹ́fẹ́ rere náà lọ ní ìlọ́po igba àti jù bẹ́ẹ̀. Òun náà ló ń sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa fòò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, nítorí náà gbogbo inú ilé ló ń dà pọ̀ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí òun bá sùn sílẹ̀, tàbí bí òun bá sùn sórí bẹ́ǹṣì, òun ti bọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ níbi gbogbo tí a bá dé: "Èédú tó ti pọ́n kò ní èéfín mọ́, kò lè ṣe nǹkan kan." Lóòótọ́, èéfín rẹ̀ ti tán. Gáàsì yìí kò tán. Èédú pípọ́n tó mọ́ roro yẹn gan-an ló yẹ kí a bẹ̀rù, nítorí ẹni tí èéfín bá ń ta lójú yóò sá síta, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ móoru yóò sùn lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fojú tín-ínrín òròmọdìẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú ilẹ̀, ẹyẹ kékeré kan tó ń jẹ́ canary ni àwọn awakùsà máa ń gbé wọ inú ihò lọ, nítorí pé gáàsì yìí tètè máa ń mú ẹyẹ ju ènìyàn lọ. Onímọ̀ kan, John Scott Haldane, ló dá a lábàá lẹ́yìn ọdún 1890. Ọdún 1986 ni wọ́n tó kéde pé ẹ̀rọ ni yóò máa rọ́pò ẹyẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn lóru tí ẹ bá òròmọdìẹ nílẹ̀, ẹ má wọlé lọ bẹ̀rẹ̀ láti máa kà wọ́n. Ẹ ṣí gbogbo ilé sílẹ̀, kí ẹ dúró síta títí afẹ́fẹ́ yóò fi wọ inú rẹ̀ dáadáa.

Níbẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi bí ẹni ń gbé ilé. Nígbà òtútù, wọ́n á fi ọ̀rá tó mọ́ kedere bo ojú fèrèsé láti inú, wọ́n á sì fi àyè díẹ̀ sí àárín ọ̀rá àti gíláàsì. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín méjèèjì, tí kò lè rìn, òun ni aṣọ òtútù. Ṣùgbọ́n ihò tí a dá sára ọkọ̀ fún èémí, kò yẹ kí wọ́n dí i. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni òfin ààbò ọkọ̀ wọn ti sọ pé gbogbo ọkọ̀ tí ènìyàn ń sùn nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní aago tí yóò ké bí gáàsì yìí bá ń pọ̀. Òtútù tó ń sọ omi di yìnyín ni tiwọn o, síbẹ̀ wọn kò dí ihò náà.

Ọgbọ́n kan náà ni ti ilé òròmọdìẹ. Bí ẹ bá ní àpò ìdọ̀họ, ẹ ta á ní ìlọ́po méjì, kí àyè díẹ̀ wà láàárín. Ó ń gba òtútù ju tapólì kan ṣoṣo lọ. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kàn án mọ́, kí okùn tí ẹ ó fi máa sọ ọ́ kalẹ̀ wà lókè. Ọ̀pọ̀ ni a rí tí wọ́n kàn án mọ́ òkè, tí wọ́n ń ká a sókè láti ìsàlẹ̀ bí aṣọ ẹnu ọ̀nà. Ọyẹ́ á wá máa fẹ́ lu òròmọdìẹ lẹ́sẹ̀, òkè ilé á sì dí pa. Láti àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń wá bá wa, láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kí ẹ dí jù. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni kí ẹ fi ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sílẹ̀ lókè, lábẹ́ páànù, tọ̀sán tòru. Afẹ́fẹ́ gbígbóná òkè ló máa ń lọ, òkè ni afẹ́fẹ́ burúkú á sì gbà jáde. Bí ẹ bá rí omi tó ń kán láti ara páànù láàárọ̀ kùtù nígbà ọyẹ́, nígbà tí gbogbo nǹkan gbẹ bí àkàrà gbígbẹ, omi èémí àti ìgbẹ́ adìẹ ni. Ó túmọ̀ sí pé ilé náà kò mí.

A mọ ohun tí ẹ ó sọ, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ fún wa ní Ògbómọ̀ṣọ́: "Bí a bá ṣí òkè, èédú yóò tán kíákíá, èédú sì ti wọ́n." Òtítọ́ ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tan gílóòbù fún òròmọdìẹ ti padà sídìí èédú, owó ọkọ̀ tó ń kó o wá láti Òkè-Ògùn náà sì ti gbówó lórí. Ṣùgbọ́n ta ní ní kí ẹ mú gbogbo ilé gbóná? Òròmọdìẹ ni òtútù ń mú, kì í ṣe páànù. Ẹ fi páálí tàbí pákó pẹlẹbẹ ṣe agbo róbótó fún wọn láàárín ilé, kó ga tó orúnkún, kí ẹ da èérún pákó gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀ nípọn. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni ẹ ó máa fẹ agbo náà. Iná tó ń móoru agbo kò pọ̀ tó èyí tó ń móoru ilé.

Nínú agbo náà, ọ̀sẹ̀ kìíní fẹ́ ìwọ̀n 32 sí 35 lórí tẹmómítà Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fi bíi 3 dín in lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò bá ní tẹmómítà, kó wo àwọn òròmọdìẹ fúnra wọn. Bí wọ́n bá kóra jọ sábẹ́ iná, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá fún iná, tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n na ìyẹ́, ooru pọ̀ jù. Bí gbogbo wọn bá rọ́ sí apá kan, atẹ́gùn ń wọlé lọ́nà òdìkejì, ẹ lọ wá ihò náà. Bí wọ́n bá tàn káàkiri, tí ẹ ń gbọ́ ohùn wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Òórùn ìgbẹ́ tó ń ta ni lójú ń kọ́? Ẹni tó ti pẹ́ nínú ilé kì í gbọ́ ọ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìta dé wọlé lówùúrọ̀; bí ojú rẹ̀ bá ń ṣomi, ó ti pẹ́ tí ojú òròmọdìẹ ti ń ṣomi.

Ní ti iná fúnra rẹ̀, èyí tó dára jù tí a ti rí ni ààrò tí àwọn jórinjórin fi àgbá ṣe, tó ní páìpù tó yọ èéfín gba orí páànù jáde. Ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lè pawọ́ pọ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà kí owó rẹ̀ lè dínkù. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tíì ká a, ìta ni kó ti dá iná rẹ̀ títí yóò fi pọ́n, kó má sì gbé ìkòkò púpọ̀ wọlé, kí òkè ilé sì ṣí gẹ́gẹ́ bí a ti wí.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ̀dọ̀ sùn síbẹ̀. Ẹ ṣe fèrèsé kékeré kan tí ẹ ó máa yọjú wò wọ́n láti ìta, kí ẹ máa dìde wò wọ́n lóru. Kò sí iye òròmọdìẹ tó tó ọmọ ènìyàn kan. Èyí kan àwọn tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù ní Àkẹ̀sán àti ní Sábó pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gáàsì kan náà ni, ilẹ̀kùn irin kò sì ní ihò.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yẹn ṣe parí. Ìgbìmọ̀ sún àsìkò ìsanwó ọkùnrin náà síwájú, wọn kò fọwọ́ kan owó onídùúró. Àwọn onídùúró méjèèjì ló wá bá a so àpò ìdọ̀họ tuntun náà. Wọ́n sì fi ìlà kan kún ìwé ẹ̀yáwó òròmọdìẹ láti ìgbà náà, èyí tí a ń rọ gbogbo ẹgbẹ́ tó kù láti fi kún tiwọn kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé: kí owó tó jáde, akọ̀wé àti onídùúró kan yóò lọ wo ilé náà. Alẹ́ ni kí wọ́n lọ, nígbà tí iná bá wà nínú rẹ̀, torí pé lọ́sàn-án, gbogbo ilé adìẹ ló ṣí sílẹ̀.