Ọ̀rọ̀ lórí Tọ́ọ̀ṣì Tó Ń Gbé Èèyàn bí Iná

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí tọ́ọ̀ṣì tó ń gbé èèyàn bí iná, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní ṣọ́kà. Ọ̀pọ̀ wa ló ti rà á sí báàgì nítorí ìrìn ìdájí. Àwọn tó ń tà á ní bí olè bá yọ, ká kàn tẹ̀ ẹ́, olè á ṣubú.

Ẹ má gbà wọ́n gbọ́ o. Ó dìgbà tẹ́ ẹ bá fi kan èèyàn lára kó tó gbé e, ìrora lásán ló sì ń fà. Ẹni tó ti fa igbó yó lè fara dà á. Ta ló fẹ́ sún mọ́ ẹni tó mú àdá dání tó bẹ́ẹ̀? Kọ́wọ́ yín tó kàn án, àdá ti dé. A ò tíì sọ ti ìbọn. Ti mílíọ̀nù fóólítì tí wọ́n kọ sára páálí, ṣebí àwa náà mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọjà.

Èyí tó lágbára ni Taser tí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà àti ti Ìlú Ọba ń lò. Ó ń ta abẹ́rẹ́ méjì tó ní wáyà nídìí. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ara, kí wọ́n sì jìnnà síra díẹ̀, kí iṣan ẹni náà tó le gbagidi. Bí ọ̀kan bá tàsé, tàbí tó há sínú aṣọ tó nípọn, ó parí nìyẹn. Ní oṣù Kejìlá 2015, ní ibùdókọ̀ ojú irin Leytonstone ní Lọ́ńdọ̀nù, ọlọ́pàá yin Taser lu ọkùnrin kan tó mú ọ̀bẹ. Ti àkọ́kọ́ kò mú un, àfi ìgbà tí wọ́n tún un yìn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn akọ̀ròyìn APM Reports gbé ìwádìí jáde ní 2019: láàárín 2015 sí 2017, ó lé ní 250 ìgbà tí Taser kò ṣiṣẹ́, tí ọlọ́pàá sì wá yìnbọn pa ẹni náà. Ọlọ́pàá nìyẹn o, tó kọ́ṣẹ́, tí ìbọn wà níbàdí ẹ̀! Àwa tá a gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì ńkọ́?

Ẹni tó bá ti ní i, ẹni tí ò mú nǹkan kan lọ́wọ́ tó di aṣọ yín mú ni kẹ́ ẹ fi kàn, kẹ́ ẹ sì sá. Bó bá jẹ́ àdá tàbí ìbọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé owó fún un.

Àwọn tó ń lọ ọjà oko, ẹ jẹ́ ká máa wọ ọkọ̀ kan náà, kí owó gbogbo má sì wà lára ẹnì kan. Ẹ wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi kẹ́ ẹ tó lọ.