ÀWỌ̀ WO NI KÍ A FI KUN YÀRÁ?

Ọ̀rọ̀ tí àwa akunlé sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka

Àwa akunlé inú ẹ̀ka yìí ni ẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀dà inú ilé, nítorí pé bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni ẹ máa ń bi wá: àwọ̀ wo ló dára jù?

Àwọn bàbá wa kò ṣe wàhálà púpọ̀ lórí èyí. Funfun, pupa, dúdú ni wọ́n pín àwọ̀ sí. Lónìí, páálí tí oníṣòwò ọ̀dà máa nà sí yín lè ní ọgọ́rùn-ún àwọ̀ lórí. Ẹ má torí páálí yẹn sanwó. Àwọ̀ tó tutù lójú lórí páálí kékeré máa ń le koko bó bá bo ògiri mẹ́rin, emulsion sì sábà máa ń ṣú díẹ̀ sí i bó bá gbẹ. Ẹ ra agolo kékeré kan, ẹ kun ìwọ̀n ìwé ìròyìn kan tí a ṣí sílẹ̀ lára ògiri, kí ẹ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù tí ẹ ń tàn gan-an.

Yàrá kan, fèrèsé kan ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé. Ògiri funfun máa ń dá nǹkan bí 80 padà nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á. Búlúù tó ṣú kì í dá tó 20 padà. Ẹni tí iná mànàmáná ń lọ mọ́ lọ́wọ́, tí ọmọ rẹ̀ ń fi àtùpà kàwé, mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn jẹ́. Nítorí náà, funfun fún àjà, kìrímù fún ògiri. Bí ìyàwó ilé bá ní dandan ni búlúù (a kì í bá wọn jiyàn), ẹ fi í sí ara ògiri tí fèrèsé wà, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kì í ba ògiri yẹn tààrà. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, gálọ́ọ̀nù onílítà 4 méjì ló máa kun ògiri rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé èyí tí ẹ bá padà lọ rà lè má bá ti àkọ́kọ́ mu.

Wàyí o, ibi tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ nìyí. Ọ̀dà tó ń dán, tí à ń pè ní gloss, tí a ń fi tínà là, òun ni ẹ máa ń ní kí a fi kun ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ sì máa ń fẹ́ kí ó pupa fòò tàbí kí ó jẹ́ yẹ́lò. Irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni òjé sábà máa ń wà nínú rẹ̀ jù. Òjé tí ẹ mọ̀ náà ni. Òun ló ń mú àwọ̀ náà tàn. Bí ọ̀dà bá gbó tó ń hó, erukuru rẹ̀ a bọ́ sílẹ̀, ọmọ tó ń rá a fi ọwọ́ kó o sẹ́nu. Ara ọmọdé ń gba òjé tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbàlagbà, ọpọlọ rẹ̀ ló sì ń bà jẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu.

Àwa akunlé ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀: inú rírun, ọwọ́ tó ń rọ. Ní 1921, ní Geneva, níbi tí aṣojú òṣìṣẹ́ ti jókòó pẹ̀lú ti ìjọba àti ti agbanisíṣẹ́, àjọ ILO ṣe àdéhùn láti fi òfin de ọ̀dà funfun tí wọ́n fi òjé ṣe nínú ilé, àfi níbi mélòó kan. Amẹ́ríkà kò fòfin de ọ̀dà olójèé nínú ilé gbígbé títí di 1978. Ní Zamfara ní 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí òjé pa. Kì í ṣe ọ̀dà ló fa ìyẹn o, erukuru òkúta wúrà tí àwọn òbí wọn ń lọ̀ nílé ni.

Ẹ má fi sánpépà ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ, ẹ má sì fi iná yọ ọ́. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, kí ẹ kó ọmọ àti aláboyún jáde, kí ẹ fi àkísà tútù nu ilẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ bá aṣọ ọmọ wọ inú ọpọ́n kan náà.

Ní ti rírà, àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí òjé má ju 90 lọ nínú mílíọ̀nù kan ìwọ̀n ọ̀dà. Ẹ wo ara agolo kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá sì tún fẹ́ kun ilé tí àwa òṣìṣẹ́ ń gbé àti ilé ìwé àwọn ọmọ wa, a bẹ ìgbìmọ̀ ẹ̀ka kí wọ́n kọ̀wé béèrè ìwé àyẹ̀wò òjé lọ́wọ́ ẹni tó ń ra ọ̀dà. Bí kò bá rí i mú wá, àwa kò ní gbé búrọ́ọ̀ṣì.