Ìbọn Walker: Tuntun Ni, Ó Ń Fọ́ Mọ́ni Lọ́wọ́

Ẹni tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ń fọ abọ́, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ, etí yín nìkan ni mo fẹ́. Ọ̀rọ̀ ìbọn la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ti ajínigbé o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìbọn ayé àtijọ́ ni, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1847. Ìró ìbọn ni mò ń wá fún eré kan tí mò ń bá wọn ṣe tí mo fi bá ìtàn yìí pàdé, mi ò sì lè gbé e sílẹ̀ mọ́.

Samuel Colt ló ń ṣe ìbọn ìléwọ́ tó ní sìlíńdà tó ń yí, irú èyí tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù kábọ́ì. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kógbá sílé ní 1842. Nígbà tí ogun Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò wá bẹ́ sílẹ̀ ní 1846, ológun kan tó ń jẹ́ Samuel Walker, tó ti lo ìbọn Colt ní Texas, ní òun fẹ́ èyí tó tóbi jù, tó lè yin ọta mẹ́fà. Ìjọba béèrè fún 1,000. Colt ò ní ilé iṣẹ́ mọ́, ló bá lọ bá Eli Whitney kékeré ní Connecticut pé kó bá òun rọ wọ́n.

Ohun tí wọ́n rọ wúwo tó kílò méjì. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé ike omi lítà méjì, ẹ nà án síwájú, kẹ́ ẹ wo bó ṣe rí. Ihò kọ̀ọ̀kan nínú sìlíńdà rẹ̀ ń gba ẹ̀tù bíi gíráàmù mẹ́rin, ìyẹn 60 grain. Ẹ̀tù yẹn pọ̀ jù fún irin ìgbà náà. Bí àbùkù kékeré bá wà lára irin, sìlíńdà á fọ́ mọ́ ológun lọ́wọ́.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Lábẹ́ ọ̀pá ìbọn náà, irin kan wà tí wọ́n fi ń ki ọta wọlé. Bí ìbọn bá dún, tó ta padà, irin yìí á já wálẹ̀, orí rẹ̀ á wọ ihò sìlíńdà, sìlíńdà ò ní yí mọ́. Ọta márùn-ún ṣì wà nínú ìbọn, ọ̀tá wà níwájú, ìbọn ti há.

Kí làwọn ológun ṣe? Wọ́n fi okùn awọ so irin náà mọ́ ọ̀pá ìbọn. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, torí jẹnẹrétọ̀ tuntun tí wọ́n tà fún màmá mi, rọ́bà tíúbù la fi de ṣóòkù rẹ̀ láti ọjọ́ kẹta.

Ní ti sìlíńdà, Colt ní kí wọ́n má ki ẹ̀tù ju 50 grain lọ. Àwọn kan sì ní ẹ̀bi ológun ni, pé wọ́n ń dojú ọta ṣóńṣó dé kì í. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tó wà lórí ẹṣin, tí wọ́n ń yìnbọn lù, kò ráyè wo ibi tí ṣóńṣó kọjú sí. Ẹni tó rọ ìbọn ló yẹ kó ti rò ó.

Ó sì padà rò ó. Ní 1848, Colt gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Dragoon jáde. Ó gé sìlíńdà kúrú, tó fi jẹ́ pé bó ti wù kéèyàn kì í tó, ẹ̀tù ò ní pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀pá ìbọn kúrò ní ínǹṣì 9, ó di 7 àbọ̀. Irin ìkìbọn náà sì ní ìkọ́ kékeré lórí tó ń dì í mú. Iṣẹ́ okùn awọ ni ìkọ́ yẹn gbà ṣe. Wọ́n ṣe Dragoon ju 18,000 lọ. Walker ò rí i o. Wọ́n ti pa á ní Huamantla, ní Mẹ́síkò, ní oṣù kẹwàá 1847.

Àwọn ìbọn Walker tó ṣẹ́ kù ńkọ́? Ní 2018, wọ́n ta ẹyọ kan ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là. Mi ò rò pé ẹni tó rà á máa ki ẹ̀tù sí i.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: kí lẹ rà ní tuntun tẹ́ ẹ fi okùn so kí oṣù tó parí?