Bí Ọmọ Bá Ní Òun Fẹ́ Gun Ìgbì Òkun

(Ìró ìgbì òkun. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ó lọ sílẹ̀ lábẹ́ ohùn.)

ATỌ́KÙN: Ọ̀rọ̀ òní kan ilé tí ọmọ ọdún 13 sí 18 wà, tí ilé náà kò sì jìnnà sí òkun, ìbáà jẹ́ ní Tarkwa Bay ní Èkó, ní Àgbádárìgì, ní Kútọnu tàbí ní Lomé. Ọmọ náà ti rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dúró lórí pátákó, tí ìgbì ń gbé wọn bọ̀ wá sí etíkun, ọkàn rẹ̀ sì ti fà sí i. Ó délé, ó ní eré tí òun fẹ́ máa ṣe nìyí. Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu òbí ni “rárá”. Ìbẹ̀rù ló bí èsì náà, ìfẹ́ ọmọ ló sì bí ìbẹ̀rù. Kò sí ẹni tó lè bá òbí wí lórí ìyẹn. Síbẹ̀, “rárá” yẹn kì í sábà mú ọmọ kúrò létí òkun. Ojú àgbà ló máa ń mú kúrò lára rẹ̀. Òbí tó bá gbà pé kí ọmọ ṣe é ló lè yan olùkọ́ fún un, tó lè fi òfin lélẹ̀, tó sì lè mọ ìgbà tí ọmọ wọ omi àti ìgbà tó jáde. Èyí tó kọ̀ jálẹ̀ yóò máa gbọ́ ìròyìn lẹ́nu ará àdúgbò.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí ẹ̀rù ti wúwo jù bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ikú omi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló kú sómi lágbàáyé lọ́dún 2021, wọ́n sì ní nínú gbogbo ohun tó ń pa ọmọ ọdún 5 sí 14, ipò kẹta ni ikú omi wà. Nítorí náà, òbí tí àyà rẹ̀ ń já kò já lásán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àjọ yìí kan náà gba ayé nímọ̀ràn. Wọ́n ní kí a kọ́ ọmọ tó ti tó ilé-ìwé lọ ní lílúwẹ̀ẹ́ àti bí yóò ṣe dáàbò bo ara rẹ̀ nínú omi, kí a sì kọ́ àwọn ará àdúgbò bí a ṣe ń yọ ẹni tó ń rì láìkó sínú ewu. Ìmọ̀ ni wọ́n fi ń dojú kọ ikú omi. Ọmọ tó ń dàgbà létí òkun tàbí létí ọ̀sà yóò bá omi pàdé lọ́jọ́ kan, yálà òbí rẹ̀ fẹ́ tàbí ó kọ̀. Ohun tó kù sọ́wọ́ wa ni bóyá yóò mọ ohun tó yẹ kó ṣe lọ́jọ́ náà.

Ẹ sì jẹ́ ká mọ ibi tí ewu náà fara pamọ́ sí. Ìgbì gíga tí gbogbo ojú ń rí nìkan kọ́ ló ń pa ènìyàn. Omi tí ìgbì gbé wá sí etíkun gbọ́dọ̀ padà. Yóò wá ojú ibi tó jìn láàárín yanrìn, yóò sì máa ṣàn gba ibẹ̀ lọ sí agbami. Ìgbì kì í fọ́ púpọ̀ lójú ibẹ̀, ó máa ń dà bíi pé ó tòrò ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ìdí sì nìyẹn tí àlejò fi ń gba ibẹ̀ wọ omi. Bí ìṣàn náà bá ti gbé e, yóò kọjú sí ilẹ̀, yóò máa bá omi jà títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ẹni tó kọ́ ìgbì gígun dáadáa mọ̀ pé a kì í bá a jà. Yóò jẹ́ kí ara rẹ̀ léfòó, yóò lúwẹ̀ẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun títí yóò fi bọ́ nínú ìṣàn náà, kó tó wá yíjú sí ilẹ̀. Pátákó tó ń léfòó wà lábẹ́ rẹ̀, okùn sì so pátákó náà mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ mú ọmọ dúró lórí yanrìn kí wọ́n jọ wo òkun. Yóò kọ́ ọ pé láti nǹkan bí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, ìjì tó ń jà lọ́nà jíjìn ní gúúsù Àtìláńtíìkì máa ń ti ìgbì ńlá wá sí etíkun wa, pé àkókò yẹn kì í ṣe ti olùbẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú eré yìí nìyẹn, ọmọ tó sì ń yọ́ lọ sétí òkun kò ní ẹni tí yóò kọ́ ọ.

(Ìlù díẹ̀, kí ó sì lọ sílẹ̀.)

ATỌ́KÙN: Ẹ̀rí wà pé ìfẹ́ yìí kì í kú nítorí pé òbí dí i lọ́nà. Khadjou Sambe jẹ́ ọmọ Dakar ní orílẹ̀-èdè Senegal. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́langba, ọdún méjì ààbọ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ kò fi jẹ́ kó gun ìgbì. Wọ́n ní ohun ìtìjú ló jẹ́ fún ẹbí. Kò jáwọ́ nínú ìfẹ́ náà, àwọn òbí ló yí ọkàn padà nígbẹ̀yìn. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ ní Senegal tó sọ ìgbì gígun di iṣẹ́, ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin mìíràn nílé. Kí òbí tó ní ọmọbìnrin bi ara rẹ̀ léèrè: kí ni ọdún méjì ààbọ̀ yẹn fi kún ààbò ọmọ náà? Ẹ tún wo Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí àjọ Waves for Change, tí Tim Conibear dá sílẹ̀, ti ń fi ìgbì gígun ran àwọn ọmọ tó ń gbé láàárín ìwà ipá àti òṣì lọ́wọ́. Àjọ náà gba àmì-ẹ̀yẹ eré ìdárayá tí wọ́n ń pè ní Laureus lọ́dún 2017. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí wọ́n ti dá lẹ́kọ̀ọ́ ló ń dúró ti àwọn ọmọ náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́ tẹnu wọn, tí wọ́n sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Ìgbì nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn láìsí àgbà tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Àwọn kan yóò ní eré òyìnbó ni, kò bá àṣà wa mu. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ní àwọn ọdún 1640, Michael Hemmersam, ará Jámánì tó gbé ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana òde òní, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òbí níbẹ̀ máa ń so ọmọ wọn mọ́ pátákó, wọn a sì jù wọ́n sómi kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1834, James Alexander, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, rí àwọn ọmọdékùnrin ní Accra tí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí pátákó fúyẹ́fúyẹ́, tí wọ́n ń dúró de ìgbì kó gbé wọn wá sí etíkun. Etíkun kan náà ni tiwa àti tiwọn. Nínú àkọsílẹ̀ ti Hemmersam yẹn, òbí fúnra rẹ̀ ló ń fi pátákó kọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé àti owó ló kù. Òótọ́ ni pé ìwọ̀nba ènìyàn ló ń jẹun nídìí eré yìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tan òbí pé ọmọ rẹ̀ yóò di gbajúmọ̀. Ìgbà tí ìgbì gígun kọ́kọ́ wọ ìdíje Olympics, ní Jàpáánì lọ́dún 2021, Italo Ferreira ará Bràsíìlì ló gba wúrà àwọn ọkùnrin. Ọmọ ẹlẹ́ja ni. Ìdérí kúlà tí bàbá rẹ̀ fi ń ta ẹja ló kọ́kọ́ gùn. Ìtàn rẹ̀ kò fi hàn pé gbogbo ọmọ yóò gba wúrà, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé owó pátákó olówó ńlá kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti ìwé, ohun tí ọmọ fẹ́ràn jù ni ìjánu tó wà lọ́wọ́ òbí. Iṣẹ́ àmúrelé yóò kọ́kọ́ parí. Bí èsì ìdánwò bá já wálẹ̀, pátákó yóò sinmi. Òbí tó ti kọ̀ pátápátá kò ní ohun tó lè fi dúnàádúrà mọ́. Ìfẹ́ òkun náà sì lè gba ẹnu ọ̀nà ìwé wọlé. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Victoria Island ní Èkó, ìjọba sì dá odidi ilé-iṣẹ́ mínísítà kan sílẹ̀ fún ọrọ̀ ajé orí òkun lọ́dún 2023. Ọmọ tó fẹ́ mọ ibi tí ìgbì ti ń wá ti fẹ́ kọ́ ìmọ̀ jọ́gíráfì àti físíìsì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ẹgba lé e.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má fún ọmọ ní “bẹ́ẹ̀ ni” tí kò ní ìlànà. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé ó mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ láìsí pátákó. Ẹ wá olùkọ́ tó mọ omi àdúgbò yín, kí ẹ sì mọ ilé rẹ̀. Kí ọmọ má dá wọ omi láé, kí ó má sì wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá ní òkun kò dára. Bí ó bá rú òfin yìí, ẹ gba pátákó náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá àyè ní ọjọ́ Sátidé kan, kí ẹ bá ọmọ yín lọ sétí òkun, kí ẹ jókòó, kí ẹ sì wò ó.

(Ìró ìgbì òkun. Orin ìparí ètò.)