Ẹ̀rín Inú Sinimá Ogun

Ní 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka sinimá sílẹ̀, kí àwọn ènìyàn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ń ṣàkóso lè ti ogun rẹ̀ lẹ́yìn. Ọkọ̀ ni ó ń gbé sinimá náà kiri Nàìjíríà. Wọn a fi Charlie Chaplin pa èrò lẹ́rìn-ín, wọn a sì fi ọ̀rọ̀ ogun tẹ̀lé e.

Ní Amẹ́ríkà, àṣìṣe Private Snafu, ọmọ ogun aláìgbọ́ràn inú àwòrán ẹ̀fẹ̀, ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ogun: ní 1944, kò ṣọ́ra fún ẹ̀fọn, ẹ̀fọn sì jẹ ẹ́.

Ẹ̀kọ́ rere ni èyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ Nàìjíríà tí ó lọ jà ní Bọ́mà ni ó padà wálé. Bí sinimá bá pa yín lẹ́rìn-ín tán, ẹ bèèrè ohun tí ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín.